Bísápù Kíkan Tí Mo Ṣe fún Bàbá Mi

Ìgò bísápù àkọ́kọ́ tí mo ṣe láì fi ṣúgà sí i, orí mi ni bàbá mi fọ́ ọ mọ́. Mo ti gbé e fún un tán, mo yíjú padà láti lọ mú ife, ni mo gbọ́ tí nǹkan dún gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi. Mo kọ́kọ́ rò pé bísápù nìkan ni omi pupa tó ń ṣàn wá sójú mi. Ìgbà tó kán sí mi lẹ́nu ni mo mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bàbá mi jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ó ní, "Ṣé omi tí wọ́n fi fọ aṣọ ni o gbé wá fún mi mu, ìwọ ọmọ yìí?"

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni nígbà náà. Èmi náà kì í ṣe ọmọdé mọ́, mo ti lé ní ogójì ọdún. Mo fi ìborùn di iwájú orí mi, mo jáde sí títì, mo gun mótò-tasí, alùpùpù akérò, lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan, níbi tí nọ́ọ̀sì ti rán ojú ọgbẹ́ náà fún mi. Ó bi mí léèrè ohun tó ṣe mí. Mo ní mo yọ̀ ṣubú nílé ìdáná ni. Ó wo ojú mi, ó wo bísápù tó ti gbẹ mọ́ mi láṣọ, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ara Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Kékeré ni bàbá tirẹ̀ ti mú un wá sí Bouaké, ọjà ni wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀: wọ́n ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ológeere àti ti mobilẹ́ẹ̀tì, alùpùpù kékeré. Ànàgó oníkẹ̀kẹ́ ni àwọn ará ìlú ń pè é. Lóde, èèyàn pẹ̀lẹ́ ni. Ìlà iwájú ló máa ń wà ní mọ́ṣáláṣí, bí ọmọ ẹlòmíì bá sì ṣubú lójú títì, òun ni yóò kọ́kọ́ sáré lọ gbé e. Nínú ilé, ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi. Ó gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ní gígùn, ó dì í pọ̀ lórí kan, òun ló fi ń nà wá. Rọ́bà yẹn kì í dún púpọ̀ bó bá bani lára, ṣùgbọ́n ibi tó bá gbà yóò wú sókè bí okùn. Àwa mẹ́ta la jẹ́ ọmọ rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjèèjì kò dúró kí irùngbọ̀n wọn hù tán kí wọ́n tó sá lọ. Ọ̀kan wà ní Abidjan, èkejì padà sí Nàìjíríà.

Ohun kan ṣoṣo tó máa ń tù ú nínú ni bísápù. Ìṣápá pupa ni wọ́n fi ń ṣe é, gbogbo ìlú ló sì ń mu ún, ṣùgbọ́n ti bàbá mi gbọ́dọ̀ dùn débi tí yóò fi lẹ̀ mọ́ ètè. Ìyá mi a da odidi páálí ṣúgà oníhóró sínú ìkòkò kan, a sì máa rò ó títí yóò fi yòrò. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ́jọ́ tí ṣúgà kò tó. Òjò ti ń rọ̀ látàárọ̀, ìyá mi kò ráyè jáde lọ ra òmíràn. Bàbá mi tọ́ ọ wò, ó dìde, ó wọ ilé ìdáná lọ, ó gbé ìkòkò náà kúrò lórí ààrò, ó sì dà á sí ìyá mi láyà. Kò tíì tutù. Mo rí bí aṣọ ṣe lẹ̀ mọ́ ọn lára. Nígbà tí àwọn obìnrin àdúgbò ń bọ́ aṣọ náà, mo rí awọ tó bá a jáde. Ìyá mi kò kígbe. Ohun tó ń wí ṣáá ni pé, "Ẹ gbé ọmọ yẹn kúrò níbí, ẹ má jẹ́ kó wò mí." Èmi ni ọmọ tó ń wí.

Ọdún tí mo lọ sílé ọkọ ni ìyá mi di ẹrù rẹ̀ tó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ibẹ̀ ló kú sí. N kò débẹ̀ kí wọ́n tó sin ín.

Diabo, ìlú kékeré kan nítòsí Bouaké, ni ilé ọkọ mi wà, aṣọ ni mo sì ń tà káàkiri ọjà àwọn abúlé tó yí i ká. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi pínyà, mo gba yàrá kan níbẹ̀, mo ń gbé jẹ́ẹ́ tèmi. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tó ń gbé ní àdúgbò N'Gattakro ní Bouaké, ló pè mí lórí fóònù. Ìyá N'Gattakro la ti máa ń pè é láti kékeré.

Ó ní, "Bàbá rẹ ti ń lọ o. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta ti ń dúdú. Gbogbo ìgbà ló ń tọ̀, kò sì ríran dáadáa mọ́. Wọ́n ní àtọ̀gbẹ ni."

Mo ní, "Ìyá, ẹ pe àwọn ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo ti pè wọ́n. Ọ̀kan ò gbé e. Èkejì ní kí n má pe òun mọ́ lórí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn. Ìwọ lo kù."

Lọ́jọ́ kejì mo di ẹrù mi, mo wọkọ̀ lọ sí Bouaké. Bí mo bá ní ìfẹ́ ló mú mi lọ, irọ́ ni mo pa. Mo fẹ́ rí i níbi tí agbára rẹ̀ ti tán. Ó pẹ́ kí n tó gbà fún ara mi pé ohun tó gbé mi láti Diabo nìyẹn.

Mo bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà ní ọjọ́ kẹta tí mo dé. Ọmọ ẹ̀yà Baoulé ni dókítà náà, obìnrin ni, kò sì dàgbà tó mi. Ó di ẹsẹ̀ bàbá mi mú, ó ń yí i wò síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó wá fi Faransé sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́.

"Papá, oògùn yìí, àràárọ̀ àti alaalẹ́, ẹ ò gbọdọ̀ fò ó. Ṣúgà sì ti tán. Bísápù dídùn, tíì onímíliìkì, ohun mímu inú agolo, gbogbo rẹ̀ ti tán. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó gé ẹsẹ̀."

Bàbá mi ní, "Kí ni kí n wá máa mu? Omi lásán, bí adìyẹ?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí mi. "Omi ló dára jù. Ṣùgbọ́n ẹ lè máa se ewé fún un nílé, tàbí atalẹ̀, tàbí bísápù pàápàá, ẹ má ṣáà fi ṣúgà sí i. Kì í ṣe oògùn o, kò gbọdọ̀ gba ipò oògùn. Ó kàn jẹ́ kó rí nǹkan tó ní adùn ewé mu ni."

Ohun tó bí ìgò tó fọ́ mọ́ mi lórí nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n rán orí mi, mo lọ sí ọjà, mo ra ike mẹ́fà. Ike kì í fọ́.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kẹnkẹlibá ni mo ń sè láàárọ̀. Àwọn obìnrin Júlà máa ń di ewé gbígbẹ rẹ̀ ní ìdì kéékèèké lọ́jà. N óò ṣan ìdì kan, n óò jù ú sínú omi híhó, n óò dé e títí omi náà yóò fi pọ́n bí oyin. Òórùn rẹ̀ dà bí èéfín àti koríko gbígbẹ, kíkorò rẹ̀ kò sì pọ̀. Bísápù ńkọ́? Mo máa ń fi omi ṣan ìṣápá lẹ́ẹ̀mejì kí iyanrìn lè kúrò, n óò rẹ ẹ́ sínú omi tútù mọ́jú, nítorí bí èèyàn bá sè é pẹ́, á kan jù. N óò fi èèpo ọsàn àti ewé máńtì sí i kí òórùn rẹ̀ lè tan ahọ́n jẹ. Ewé tíì tí mo hú wá láti Diabo, mo gbìn ín sínú garawa ọ̀dà lẹ́yìn ilé, ó sì hù dáadáa. Ọjọ́ tí n kò bá ní nǹkan mìíràn, mo ń ká a, n óò so ó ní koko, n óò sè é.

Ṣùgbọ́n atalẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù láti ṣe. N óò bó èèpo rẹ̀, n óò gún un nínú odó pẹ̀lú kànáfùrù díẹ̀, n óò bu omi sí i, n óò fi asẹ́ sẹ́ ẹ, n óò wá fún òroǹbó wẹ́wẹ́ sí i. Láti ojú títì ni wọ́n ti ń gbọ́ odó mi. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni atalẹ̀ náà ti kúnná tán tí n kò dẹwọ́. N óò máa wo bàbá mi láti ojú fèrèsé ilé ìdáná bó ṣe jókòó sábẹ́ ìbòòji, ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n dì wà lórí àpótí, ọmọ odó á sì máa lọ sókè sódò. Apá mi á máa ro mí, n kò ní dúró.

Bàbá mi kò gbà. Ó da kẹnkẹlibá gbígbóná sí mi lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ gbá mi ní ìgbọ̀nwọ́, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni n kò fi lè ká apá náà kò. Ó pè mí ní àjẹ́, ó pè mí ní ẹni tí ọkọ lé jáde. Bí ó bá ti rí i tí mo gbé ike bọ̀, á fi ojú wá ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó: bàtà, tẹ̀sùbáà, kẹ́tùrù alùwàlá.

Èmi náà kò dákẹ́. Mo kó gbogbo ṣúgà inú ilé, mo dà á sínú gọ́tà lójú rẹ̀, mo sì ń wò ó bí mo ṣe ń dà á. Nígbà tó bá da ohun mímu nù, n kò ní fún un ní òmíràn, n kò sì ní gbé omi sítòsí rẹ̀, títí òùngbẹ á fi mú un. Òùngbẹ àtọ̀gbẹ kì í ṣe kékeré. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ètè rẹ̀ ti bó, ó pè mí, ó ní, "Jọ̀ọ́, fún mi lómi."

N kò tíì gbọ́ "jọ̀ọ́" lẹ́nu ọkùnrin yìí rí láyé mi. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò ó. N kò dúró pẹ́, bóyá bí ìgbà téèyàn ń so ìborùn mọ́rí. Lẹ́yìn náà ni mo lọ bu omi náà. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo fi ìdúró yẹn ṣe.

Pẹ̀lú gbogbo wàhálà yìí, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lọ sílẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí mo fi ń gún ìka rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, àràárọ̀ ni ohun tí mo ń rí níbẹ̀ ń bà mí lẹ́rù. Mo rò pé oògùn ni kò ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan tí mo ń pààrọ̀ aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo gbé ìrọ̀rí, mo bá ọ̀rá mẹ́rin tí wọ́n ti mu bísápù inú rẹ̀ tán. Wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn nítorí ṣúgà, èèrà sì ti bò wọ́n.

Mo mọ ibi tí wọ́n ti wá. Obìnrin Júlà kan máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé kejì, inú kúlà oníyìnyín kan ló ti ń ta bísápù inú ọ̀rá. A máa ń kíra wa láàárọ̀. Mo kó ọ̀rá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́wọ́, mo lọ bá a, mo fi Júlà bi í pé, "Ṣé ìwọ lò ń ta èyí fún bàbá mi?"

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣe jẹ́?"

Mo gbá kúlà rẹ̀ tì, bísápù àti yìnyín tú sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Obìnrin náà dìde, ó fi orí kàn mí láyà, a jọ ṣubú sínú rẹ̀. Ó gé mi jẹ ní èjìká. Mo gbá irun rẹ̀ mú, mo ń fi ojú rẹ̀ gbo ilẹ̀ tó ti pupa. Mo gbọ́ tí aṣọ ya, n kò mọ̀ bóyá tèmi ni tàbí tirẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ wọn ní Zone industrielle, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá wà, ló fò sọ̀kalẹ̀ lórí mótò tí wọ́n là wá. Ọ̀kan nínú wọn ní láti tú ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan kúrò nínú irun obìnrin náà.

Ó dìde, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní imú rẹ̀, ó ń sunkún. Ó ní, "Bàbá yín ló sọ fún mi pé ẹ ń fi òùngbẹ pa òun! Mo ṣàánú arúgbó! Kí ni mo fi ṣe yín?"

Gbogbo èèyàn tó pé jọ yíjú sí mi. Ó yẹ kí n sọ pé irọ́ ni. N kò lè sọ ọ́. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ kí ti bàbá mi tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ó ti wọ agbádá funfun, ó dé fìlà, ó ń dúró de ẹni tí yóò wá fi mótò gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo gbé omi atalẹ̀ fún un kó lè fi lo oògùn. Ó gbà á lọ́wọ́ mi wọ́ọ́rọ́wọ́, ó gbé e sẹ́nu, ó sì tu gbogbo rẹ̀ sí mi lójú.

Ẹni tí atalẹ̀ bá ti wọ̀ lójú rí yóò mọ̀. Mo kígbe. N kò ríran, iná ló ń jó mi lójú. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Mo ta ọwọ́ síwájú, mo bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pàdé, mo fún un pọ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi là, mo sì da ìyókù inú ife náà sí i lọ́fun. Ó húkọ́. Ó ń ti ọwọ́ mi, n kò fi sílẹ̀. Fìlà rẹ̀ bọ́. Ó gbé ọ̀pá sókè, mo já ọ̀pá náà gbà, mo sọ ọ́ nù. Mo gbá bàbá mi létí. Mo tún gbá a ní ìkejì.

Ó dùn mọ́ mi. Mo ti gbìyànjú láti kọ ọ́ lọ́nà mìíràn, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Ó dùn mọ́ mi dé egungun. Mo tún gbé ọwọ́ sókè fún ìkẹta, ojú mi sì ti ń là díẹ̀díẹ̀, ni mo rí ohun tó ń ṣe. Ó ti ká apá méjèèjì bo ojú, ó pa ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ pọ̀, ó fi àgbọ̀n pamọ́ sáyà, ó súnra kì sínú àga. Bí àwa ọmọ rẹ̀ ṣe máa ń ṣe gan-an nìyẹn bó bá ti mú rọ́bà. N kò mọ̀ pé àgbàlagbà lè ṣe é. Ọwọ́ mi dúró sókè.

"Yé! Mo gbé!"

Ìyá N'Gattakro ló kígbe. Ó ti wọlé, ó gbé abọ́ ìrẹsì ọjọ́ Jímọ̀ wá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Abọ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó fi dojú kọ mí. Ó nà mí lórí, ó nà mí lẹ́yìn, ó nà mí lójú, títí okùn bàtà fi já. Mo kúnlẹ̀, n kò gbé apá sókè láti dáàbò bo ara mi. Ó ń pariwo kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́: "Ó na bàbá rẹ̀! Ẹ wá wò ó o, ó na bàbá tó bí i!"

Wọ́n kún ẹnu ọ̀nà. Obìnrin oníbísápù náà wà lára wọn. Bàbá mi ń wá fìlà rẹ̀ nílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́, nítorí ojú rẹ̀ kò rí i.

Kò lọ sí mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ yẹn. Fún ọjọ́ mẹ́rin kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ìyá N'Gattakro ló ń wá bọ́ ọ, òun ló ń fún un lóògùn, kì í sì í wo ọ̀dọ̀ mi. Ọwọ́ mi wú, mo ń gbé e pamọ́ sábẹ́ ìborùn bí ẹni tó jí nǹkan. Ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, mo gbọ́ tí nǹkan wó nílé ìwẹ̀. Mo sáré wọlé, mo bá a nílẹ̀, ibà ti gbé e, òórùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gba gbogbo inú ilé náà. Mo gbé e mọ́ra. Ó fúyẹ́ débi tó fi yà mí lẹ́nu.

Nílé ìwòsàn, wọ́n gé ìka ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Dókítà ní orí ló yọ ọ́, ìyókù ẹsẹ̀ náà ṣì lè dúró tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá lọ sílẹ̀.

Ìyá N'Gattakro ló ń jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì. Èmi ń dúró ní ọ̀nà àbáwọlé, lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta síbẹ̀. Ọjọ́ kejì ni mo gbọ́ tí Ìyá ń wí fún un pé, "Ẹ sọ fún dókítà pé ọmọ yẹn lù yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n má jẹ́ kó wọ ibí mọ́. Ẹ sọ fún àwọn ará mọ́ṣáláṣí. Ṣé ẹ máa dákẹ́ ni?"

Bàbá mi yíjú sí ògiri.

Ó ní, "Ó lù mí. Ta ló kọ́ ọ?"

Mo gbọ́ ọ lẹ́yìn aṣọ yẹn. Ẹlòmíì lè rò pé ọ̀rọ̀ yẹn tù mí nínú. Kò tù mí nínú rárá. Ó bí mi nínú ju ìgò tó fọ́ mọ́ mi lórí lọ. Láti kékeré ni mo ti ń wá àwáwí fún un nínú ọkàn mi, pé kò mọ̀, pé bí wọ́n ṣe tọ́ òun náà nìyẹn, pé ojú rẹ̀ kì í rí wa bó bá ti bínú. Ó mọ̀. Ó mọ̀ lọ́jọ́ tó gbé ìkòkò kúrò lórí ààrò.

Síbẹ̀ mo wọlé, mo kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, "Bàbá, ẹ dárí jì mí. Ohun tí mo ṣe kò dára."

Ó ń wo òkè àjà. "Dìde," ó ní. "Èmi náà…"

Kò parí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wọlé pẹ̀lú àwo òwú àti oògùn, ó ní ká jáde kóun tún ojú ọgbẹ́ ṣe. Mo ti ń retí ìyókù ọ̀rọ̀ yẹn láti ìgbà náà, kò tíì sọ ọ́.

N'Gattakro ló ń gbé báyìí, lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Ìyá ní òun kò lè fi èmi àti bàbá mi sínú ilé kan mọ́, mo sì gbà pé òtítọ́ ló sọ. Mo wà nínú ilé bàbá mi nítòsí ọjà, mo ń ta aṣọ. Lẹ́yìn tí wọ́n gbé e kúrò ní ilé ìwòsàn, mo lọ bá obìnrin oníbísápù náà láti tọrọ àforíjì. Mo gbé kúlà tuntun lọ fún un. Ó fetí sí mi títí mo fi sọ̀rọ̀ tán, ó dìde, ó gbá mi lójú kan tí etí mi fi hó, ó wá fa àpótí sílẹ̀ pé kí n jókòó. A kò di ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá ọkọ rẹ̀ náà ní àtọ̀gbẹ, ó sì bi mí bí mo ṣe ń ṣe ti kẹnkẹlibá. Mo sọ fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń se ohun mímu bàbá mi, n óò rọ ọ́ sínú ike, n óò gun mótò-tasí lọ sí N'Gattakro. Ìyá á gba ike náà lọ́wọ́ mi, á tọ́ ọ wò lójú mi kó lè mọ̀ pé n kò fi nǹkan kan sí i. N kò bínú sí i. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bàbá mi ti lọ sílẹ̀. Dókítà ní oògùn tó ń lò déédéé ló ṣe iṣẹ́ náà, àti bísápù dídùn tí kò rí mu mọ́.

Bí inú bá ń bí mi nílé ìdáná, mo ti kọ́ láti pa gáàsì, kí n jáde lọ dúró sójú títì títí ọwọ́ mi yóò fi rọ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń pẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bísápù ni mo gbé lọ. Ìyá wà lẹ́yìn ilé, ó ń sá aṣọ. Bàbá mi gbà á, ó gbé e sétè, ó fajú ro, ó sì rọra yí ife náà dà sílẹ̀, ojú rẹ̀ kọ sí mi, bí ẹni tó fẹ́ mọ ohun tí n óò ṣe. Mo mú aṣọ ìnulẹ̀, mo nu ibẹ̀, mo bu òmíràn, mo gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo padà lọ jókòó.

Ó mu ún dé ìdajì.

"Ó kan," ó ní.

Mo ní, "Mo mọ̀, Bàbá."